Súìṣì Méjì, Gílóòbù Kan

Òjò Blaenau kì í dá, ó kàn ń sinmi ni.
Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Ọ̀pẹ, aago mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú,
síléètì orí òrùlé ń dán bí ẹ̀yìn ẹja,
súìṣì ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn sì ti là sí méjì.

Igun dùùrù ló gbá a.
Èmi àti Gethin ọmọ alápatà la jọ gbé e jáde.
Dùùrù ìyá Heulwen ni. Mo ti tà á. N kò bi olóhun.
Ọjọ́ kẹta rèé
tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé inú ilé kan bí àlejò méjì,
òun lókè, èmi nísàlẹ̀,
àtẹ̀gùn mẹ́tàlá láàárín wa bí odò tó kún.

Mo pa iná láti ìdí, nínú àpótí abẹ́ àtẹ̀gùn.
Mo fi tẹ́sítà wò ó lẹ́ẹ̀mejì:
ẹni tí iná ti gbé rí kì í fẹnu lásán pe iná ní òkú.
Mo tú síkúrù méjì, mo fa ojú súìṣì jáde.
Wáyà mẹ́ta yọrí láti inú ògiri,
pupa,
pupa,
pupa.
Ẹni tó kì wọ́n síbẹ̀ kò ro tèmi rárá,
ó mọ ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọ̀kankan lọ́rùn.
Ó yẹ kí n sàmì sí wọn kí n tó tú wọn.
N kò sàmì.
Ọkùnrin tó ta dùùrù láìbèèrè,
ṣé òun ni yóò bi wáyà léèrè?

Súìṣì tuntun funfun bí eyín ọmọ ọwọ́.
Ihò mẹ́ta: ọ̀kan dá wà lókè, méjì jókòó sísàlẹ̀.
Mo kì wọ́n bọ̀ ọ́ bó ṣe wù mí,
mo dè é, mo dá iná padà, mo tẹ̀ ẹ́.
Òkùnkùn.
Mo tún tẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn tún dá mi lóhùn.

"Heulwen!"
Ohùn mi há, ó ti pẹ́ tí mo lò ó.
Ìtànṣán oòrùn ni orúkọ yẹn lédè wa,
ẹ wo ibi tí mo ti ń pè é.
"Jọ̀ọ́, bá mi tẹ ti òkè."
Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lórí pákó, kò, kò, kò.
Iná tàn.
Mo tẹ tèmi, ó kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó jí.
Òun náà tẹ tirẹ̀, ó kú.
Mo tẹ tèmi, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ títí. Pàbó.
"Àbí tí n kò bá fọwọ́ sí i, kò lè tàn ni?"
"Bẹ́ẹ̀ ni."
"Ó dára," ni Heulwen wí. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Iná tàn, ìjà ò tán.
Ṣùgbọ́n ní gbogbo alẹ́ yẹn, mo ké, ó tẹ̀,
ó ké, mo tẹ̀,
a sì fi ọ̀rọ̀ kéékèèké kún un:
ṣé o ti jẹun, ta ló ń kan ilẹ̀kùn, òjò mà ń wọlé.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.
Wáyà tó ń gbé iná bọ̀ ló yẹ kó wọ ihò tó dá wà,
kí méjì tó kù máa lọ bá òkè sọ̀rọ̀.
Mo fi ìránṣẹ́ jókòó sórí àga baba,
mo ní kí baba máa jíṣẹ́.
Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi mo tú u, mo fi tẹ́sítà dá wọn mọ̀,
mo pààrọ̀ wọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.
Báyìí, ẹni tó bá wù lè tàn án, ẹni tó bá wù lè pa á,
kò sẹ́ni tó nílò láti bi ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ Ajé mo wakọ̀ lọ sí Manod,
mo bi ẹni tó ra dùùrù bóyá yóò dá a padà.
Ó ní òun á rò ó.

Lálẹ́, mo dúró nísàlẹ̀, ìka mi lórí súìṣì.
"Heulwen, ṣé kí n pa á?"
"Kí lo wá ń bi mí sí?" ló ní.
"Ṣebí o ti tún un ṣe."